Àgbàdo àti omi nìkan ni, kí ló dé tí ògì mi kò dì?

Ìyá Tuntun · Ọjọ́ Àìkú, alẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọmọ mi pé oṣù 6 lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá ọkọ mi sì ní ó ti tó àkókò kí n máa fún un ní ẹ̀kọ. Mo lè ra ògì lọ́jà, àmọ́ mo fẹ́ mọ ìdí ohun tí ọmọ mi ń jẹ, ni mo bá ní màá ṣe é fúnra mi. Mo ra àgbàdo funfun kóńgò 2, mo rẹ ẹ́ sínú bàsíà ike, mo dé e pa, mi ò sì yà síbẹ̀ mọ́ títí ó fi di ọjọ́ kẹrin. Ìgbà tí mo ṣí i, òórùn tó pàdé mi kì í ṣe òórùn ògì. Ìfófòó ti bo ojú omi, àgbàdo náà ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ilá. Mo ṣan án, mo fi bùlẹ́ńdà lọ̀ ọ́, mo sẹ́ ẹ. Mo gbé omi kaná, mo dà á lé e, mo rò ó títí, kò dì. Ó rí gẹ́lẹ́ bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì. Gbogbo ẹ̀ ni mo dà nù, ó sì dùn mí wọ akínyẹmí ara, torí owó ni mo fi ra àgbàdo yẹn.

Àgbàdo àti omi ṣáà ni. Níbo ni mo ti ṣì í ṣe?

Ọlọ́gì Ọjà Ọba · Ọjọ́ Àìkú, alẹ́

Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ọlọ́run á bá wa wo ọmọ náà dàgbà. Iṣẹ́ ògì ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi, ọwọ́ ìyá mi ni mo sì ti kọ́ ọ, nítorí náà fọkàn bá mi lọ, màá sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Òótọ́ ni pé àgbàdo àti omi ni, ṣùgbọ́n omi yẹn ló ni iṣẹ́ náà. Bí o bá kà á, ìgbà mẹ́fà ni omi máa kan àgbàdo yẹn kó tó dẹ́nu ọmọ: omi tí a fi ṣan án, omi tí a fi rẹ ẹ́, omi tí a fi lọ̀ ọ́, omi tí a fi sẹ́ ẹ, omi tó dúró lé e lórí, àti omi tí a fi sè é. Èyí tó bá yẹ̀ nínú wọn, ìdí ìkòkò lo ti máa mọ̀.

Kọ́kọ́ ṣa àgbàdo náà. Má wo ojú ọlọ́jà. Òkúta wà níbẹ̀, èérún kùkù wà níbẹ̀. Da omi lé e kó bò ó. Àwọn tó bá léfòó, kòkòrò ti jẹ wọ́n nínú, bù wọ́n kúrò. Ṣan án títí omi ẹ̀ á fi mọ́. Lẹ́yìn náà, bu omi tútù tó mọ́ lé e, kó ga ju àgbàdo lọ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, nítorí àgbàdo máa ń mu omi, á sì wú. Bí omi bá kéré, tòkè á gbẹ, tìsàlẹ̀ á rà.

Lásìkò ooru bí èyí, ọjọ́ 2 ti tó. Lásìkò ọyẹ́, a máa ń dé ọjọ́ 3, nígbà míì a ó tiẹ̀ fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ bẹ̀rẹ̀ kí ara ẹ̀ lè tètè yá. Àràárọ̀ ni èmi máa ń pààrọ̀ omi. Ìwọ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ 4 nínú ooru, o dé e pa, o ò pààrọ̀ omi. Kì í ṣe pé àgbàdo yẹn kan, ó rà ni. Kíkan yàtọ̀ sí rírà. Èyí tó kan dáadáa, bí o bá gbé imú sún mọ́ ọn, itọ́ á sun lẹ́nu rẹ. Èyí tó rà, ìwọ fúnra rẹ á fà sẹ́yìn. Má bá imú rẹ jiyàn.

Bí o ṣe máa mọ̀ pé ó ti tó lílọ̀: mú ẹyọ kan, fi èékánná àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ láàrin. Bó bá fọ́ wẹ́rẹ́, tí inú ẹ̀ funfun bí ẹfun, gbé e lọ sílé ẹ̀rọ. Bó bá ṣì ń ta èékánná padà, dà á padà sínú omi di ọjọ́ kejì.

Ilẹ̀ ti ṣú, màá wá sọ̀rọ̀ lílọ̀ àti sísẹ́ lọ́la.

Ọmọ Èkìtì · Ọjọ́ Àìkú, alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ màámi. Ẹ má bínú o, lọ́dọ̀ tiwa, ìyá mi kì í pààrọ̀ omi rárá. Ìkòkò amọ̀ ló fi ń rẹ ẹ́, ibi tí òòrùn kì í dé, á sì wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 3. Ó ní bí a bá ń da omi ẹ̀ nù lójoojúmọ́, adùn ẹ̀ là ń dà nù. Ògì ẹ̀ kì í rùn, àwọn ará àdúgbò a máa tò síwájú ilé wa láàárọ̀ Sátidé. Ta ló wá jàre?

Olùkọ́ Sáyẹ́ǹsì · Ọjọ́ Ajé, àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí ẹ̀.

Lára àgbàdo àti nínú omi, àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú kò lè rí pọ̀ níbẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní, rere àti búburú wọn jọ wà ni. Àwọn rere, tí gbajúmọ̀ wọn ń jẹ́ Lactobacillus, máa ń sọ ṣúgà inú àgbàdo di ásíìdì, irú ásíìdì kan náà tó ń mú wàrà kan. Bí ásíìdì yẹn bá ti ń pọ̀ sí i, àwọn búburú ò lè gbé ibẹ̀ mọ́. Kíkan ògì ló ń ṣọ́ ògì.

Ìyá tó ń fi ìkòkò amọ̀ rẹ àgbàdo tó mọ́, níbi tó tutù, kò nílò láti pààrọ̀ omi, torí ásíìdì náà ń ṣiṣẹ́ fún un. Bákan náà ìkòkò tó ti ń fi rẹ ògì fún ọdún pípẹ́, àwọn kòkòrò rere ti sọ ọ́ dilé. Àmọ́ ẹni tó ń lo ike tuntun, nínú ooru, tí kò tíì mọ òórùn tó yẹ kó gbọ́, kó pààrọ̀ omi láàárọ̀. Ìyẹn ló máa gbé ohun tó ń rùn kúrò kó tó gbilẹ̀. Ẹ kàn má fi abọ́ alumíníọ̀mù rẹ ẹ́ o, tàbí korobá onírin. Ásíìdì máa ń jẹ irin. Ike, amọ̀ tàbí gíláàsì ló dáa.

Ní ti dídì: nǹkan tó ń mú ẹ̀kọ dì ni sítáàṣì inú àgbàdo. Èyí kì í wú títí ooru ẹ̀ á fi tó nǹkan bí ìwọ̀n 70 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì (°C). Ìyá Tuntun, o ní o gbé omi kaná. Ṣé ó hó tàbí ó kàn gbóná? Bí o bá da omi tó kàn gbóná lé ògì tútù tí omi ti pọ̀ nínú ẹ̀, ooru wọn á pàdé láàrin ọ̀nà, kò sì ní dé ibi tí sítáàṣì ti ń wú. Bí o fi ọjọ́ kan rò ó, kò ní dì. Èkejì, sítáàṣì àgbàdo tó ti rà, àwọn kòkòrò ti jẹ nínú ẹ̀. Àbùkù méjèèjì ló pàdé lára tìrẹ.

Ìyá Tuntun · Ọjọ́ Ajé, àárọ̀

Olóyè olùkọ́, ẹ ti ríran rí mi. Omi yẹn ò hó. Mo rí i tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ èéfín ni mo sọ ọ́ kalẹ̀, torí gáàsì ti fẹ́ tán. Mo ti ra àgbàdo míì lónìí, kóńgò 1 péré, màá rẹ ẹ́ lálẹ́ yìí.

Àgbẹ̀ Òkè Ògùn · Ọjọ́ Ajé, ọ̀sán

Kí o tó rẹ ẹ́, ọmọ ìyá mi, dúró ná. Bu ẹ̀kúnwọ́ kan, gbé e síta nínú ìmọ́lẹ̀, wò ó dáadáa. Bó bá ní àwọ̀ ewé tàbí dúdú bí èbù lára, tàbí ó ń rùn bíi yàrá tí òjò ń jò sí, má fi ṣe ògì fún ẹnikẹ́ni, ká má tiẹ̀ sọ ọmọ ọwọ́. Oró tó wà nínú èbù yẹn, aflatoxin ni wọ́n ń pè é, rírẹ kì í mú un kúrò, sísè kì í pa á. Ní Kẹ́ńyà lọ́dún 2004, àgbàdo tó bu èbù ló mú èèyàn 317 dùbúlẹ̀ àìsàn, 125 nínú wọn sì kú. Èmi tí mo ń gbin àgbàdo kò lè gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn. Bí òjò bá bá àgbàdo lórí ìdúró lẹ́yìn tó ti gbó, tàbí tí wọ́n kó o pamọ́ kó tó gbẹ dénú, èbù ló máa ń gbẹ̀yìn ẹ̀.

Èkejì, bí ẹ bá rí àgbàdo tó pupa fòò tàbí tó ní àwọ̀ bí ẹni pé wọ́n pa á láró, tí wọ́n ń tà á ní ẹ̀dínwó, irúgbìn ni. Oògùn ni wọ́n fi pa á lára kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́ nínú ilẹ̀. Gbígbìn ni tiẹ̀, kì í ṣe jíjẹ, kò sí bí ẹ ṣe lè ṣan án tó.

Yálà funfun yálà pupa rẹ́súrẹ́sú, àgbàdo tó gbẹ dáadáa ló dáa fún ògì. Èyí tó bá ti pẹ́ jù nínú àká máa ń pẹ́ kó tó rọ̀.

Ọlọ́gì Ọjà Ọba · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àárọ̀

Mo ti dé. Mo ka ọ̀rọ̀ Olùkọ́, inú mi dùn. Ohun tí ìyá mi mọ̀ láìkàwé ni wọ́n sọ yẹn.

Ní ti ilé ẹ̀rọ. Lọ́dún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tà fúnra mi, mo rán ọmọ mi obìnrin lọ lọ ògì kún korobá kan. Ó padà dé, mo sẹ́ ẹ, mo gbé e sílẹ̀ di àárọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí mo da omi orí ẹ̀, mo rí i pé ògì náà ní àwọ̀ kan bí ojú ẹni tó sunkún. Mo rò pé àgbàdo ló fà á. Mo gbé e lọ sọ́jà. Kò tó wákàtí mẹ́ta, ìyá ọlọ́mọ kan padà wá, ọmọ ń ké lẹ́yìn ẹ̀, ètè ọmọ ti wú. Ata rodo ni wọ́n ti lọ̀ nínú ẹ̀rọ yẹn kí tiwa tó kàn, wọn ò sì fi omi ṣan ẹ̀rọ. Mo dá owó gbogbo ẹni tó rà padà, mo da ìyókù sí kòtò, mo sì bá ìyá ọmọ náà dé ilé. Láti ọjọ́ náà, mi ò rán ọmọ mọ́. Èmi ni mò ń lọ, ẹ̀rọ tí wọn kì í fi lọ ata ni mò ń wá, màá sì ní kí wọ́n da omi sí i títí èyí tó ń jáde á fi mọ́ lójú mi.

Tún wo ìgbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ irin tó ń lọ nǹkan nínú ẹ̀rọ. Èérún irin máa ń jáde lára ẹ̀. Bí ògì bá ti silẹ̀, wàá rí nǹkan dúdú tó tò sí ìdí abọ́ pátápátá, torí irin wúwo ju ògì lọ. Bu tòkè, má ha ìdí ẹ̀. Ohun tó dáa jù ni pé kí o jẹ́ kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ fi lọ ohun tí ẹnu kò ní jẹ.

Sísẹ́: aṣọ asẹ́ funfun tó fẹ́lẹ́ ni ká so mọ́ ẹnu abọ́ ńlá, kí àárín ẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Bu ògì tí a lọ̀ sí i, da omi lé e, fi ọwọ́ rà á yíká. Má fi ìkánjú fún un. Omi tó máa kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ á funfun bíi wàrà. Máa da omi, máa rà á, títí èyí tó ń sọ̀kalẹ̀ á fi ṣe bí omi lásán. Èèrí ló ṣẹ́kù lórí aṣọ. Ẹni tó bá sáré da èèrí nù, ìdajì ògì ẹ̀ ló dà nù.

Gbé e síbi tí ẹnikẹ́ni kò ní fi ẹsẹ̀ gbá a. Di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ògì á ti silẹ̀, omi tó tòrò á wà lókè. Ìyẹn ni omídùn. Rọra da omi náà, kó ku díẹ̀ lórí ògì. Bí o bá fẹ́ kó kan sí i, fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí o kò bá fẹ́, da ògì sínú àpò aṣọ, so ó, gbé nǹkan wúwo lé e kí omi ẹ̀ ro dànù. Á dì bí ìṣù. Nínú fíríìjì, ó ń lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ dáadáa. Ẹni tí kò ní iná, kó máa pààrọ̀ omi orí ẹ̀.

Ọmọ Ìbàdàn ní Houston · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀sán

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un fún àwọn tó wà lókè òkun, torí ìyà jẹ mí lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Àgbàdo funfun tó wà nínú agolo tí àwọn ará Mẹ́síkò ń lò, ẹ má rà á fún ògì. Wọ́n ti sè é pẹ̀lú ìyẹ̀fun òkúta ẹfun tí wọ́n ń pè ní lime láti bó èèpo ẹ̀, kò ní kan mọ́ láéláé. Ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ń ṣe tọ̀tíà, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wọn, náà rí bákan náà. Ìgbà kejì, mo ra gúgúrú tútù. Ó le bí òkúta, mo rẹ ẹ́ fún ọjọ́ 5, ohun tó jáde nínú ẹ̀ kò kún ife. Àgbàdo funfun gbígbẹ gidi ni kí ẹ béèrè, ilé ìtajà ọmọ Áfíríkà àti ti àwọn ará Mẹ́síkò ní in nínú àpò.

Nígbà òtútù, ilé máa ń tutù débi pé ọjọ́ 3 á pé, àgbàdo ò ní tíì kan. Inú ààrò tí mi ò tan iná sí ni mò ń gbé e sí, gílóòbù inú ẹ̀ nìkan ni mo ń tàn. Ooru gílóòbù yẹn ti tó. Bùlẹ́ńdà: díẹ̀díẹ̀ ni, omi tútù nini ni, kí ẹ sì máa dá a dúró kó sinmi, torí bùlẹ́ńdà tó bá ti gbóná máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í se ògì níbi tó ti ń lọ̀ ọ́. Aṣọ ìrọ̀rí funfun tuntun tí mo ti fi omi gbígbóná fọ̀ láìfi ọṣẹ sí i ni asẹ́ mi.

Ará Peckham · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, alẹ́

Ní Peckham nílùú Lọ́ńdọ̀nù níbí a máa ń rí ògì tútù rà nínú fírísà, ìdí nìyí tí mi ò fi yọ ara mi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n mo ka ti àǹtí Houston yìí, mo rántí màámi nínú ọgbà wa, bí ọwọ́ wọn ṣe máa ń funfun dé ìgbọ̀nwọ́. Mo fẹ́ gbìyànjú ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àdúgbò · Ọjọ́rú, àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo yín. Nítorí pé ọmọ oṣù 6 ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ fún mi láyè kí n sọ ohun tí mò ń sọ fún àwọn ìyá lójoojúmọ́.

Títí ọmọ fi máa pé oṣù 6, ọmú nìkan ti tó. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá Tuntun ṣe dáadáa tó dúró dìgbà yẹn. Lẹ́yìn oṣù 6, ọmú á máa bá a lọ, oúnjẹ á máa wọlé lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ lásán kò tó ọmọ. Nígbà tí a bá ti rẹ àgbàdo, tí a da omi ẹ̀, tí a sẹ́ èèrí kúrò, púpọ̀ nínú ohun tó ń mú ọmọ dàgbà ti bá omi àti èèrí lọ. Ó máa yó, kò ní tóbi. Mo ti gbé àwọn ọmọ tó ń mu ẹ̀kọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́ sórí òṣùwọ̀n, ìwọ̀n wọn kò sì gòkè fún oṣù méjì.

Ẹ fi nǹkan sí i. Edé gbígbẹ tí a lọ̀ kúnná, ẹja gbígbẹ tí a ti yọ egungun ẹ̀, ẹ̀pà tí a yan tí a sì lọ̀, ẹyin. Ẹ máa fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní ọjọ́ mélòó kan síra, kí ẹ lè mọ èyí tí ara ẹ̀ bá kọ̀. Sóyà náà dáa gan-an. Iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀ṣòdì, FIIRO, ti gbé sóyà-ògì jáde tipẹ́. Nílé, kóńgò 3 àgbàdo sí kóńgò 1 sóyà: ẹ se sóyà fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ bó èèpo ẹ̀, kí ẹ tó kó o mọ́ àgbàdo lọ sílé ẹ̀rọ. Sóyà tútù tí a kò sè máa ń da inú rú.

Kí ẹ̀kọ ọmọ ki débi pé bí ẹ bá fi ṣíbí bù ú, á dúró lórí ṣíbí. Èyí tó ń sàn bí omi, omi ni ọmọ mu. Ẹ má sì fi oyin sí i kí ọmọ tó pé ọdún 1, ó lè ní ohun tó ń pa ọmọ ọwọ́ lára.

Ìyá Tuntun · Ọjọ́rú, ọ̀sán

Ẹ ṣé gan-an ni, nọ́ọ̀sì wa. Ẹ jọ̀ọ́, ìyá ọkọ mi ní bí inú ọmọ bá ń ṣí, omídùn ni kí n fún un. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Nọ́ọ̀sì Àdúgbò · Ọjọ́rú, ọ̀sán

Rárá o, ọmọ ìyá mi. Mo bọ̀wọ̀ fún màmá, mo mọ̀ pé àwọn àgbà ń lò ó, àwọn tó ń ṣe àgbo sì ń fi rẹ egbò igi. Ṣùgbọ́n omi tí a kò sè ni omídùn, bí kànga tí a ti pọn ọ́n kò bá mọ́, ohun tó ń mú inú ọmọ ṣí la tún dà kún un.

Ohun tó ń pa ọmọ tí inú ẹ̀ ń ṣí ni omi àti iyọ̀ tó ń bá ìgbẹ́ jáde. Ẹ dá a padà fún un. Oògùn oníyẹ̀fun ti ORS ló dáa jù, ilé ìwòsàn ìjọba àti ilé oògùn ní in. Bí kò bá sí lọ́wọ́, ẹ po tilé: omi tó mọ́ tí a sè tó sì ti tutù, lítà 1, ṣúgà, ṣíbí tíì 6 tí a fi ọ̀bẹ gé lórí kó tẹ́jú, iyọ̀, ìdajì ṣíbí tíì tó tẹ́jú. Òun náà nìyẹn. Ẹ tọ́ ọ wò: bó bá níyọ̀ ju omijé lọ, ẹ dà á nù, kí ẹ po òmíràn. Ẹ má fi ojú wọn iyọ̀, ẹ má sì rò pé bí ó bá pọ̀ á tètè ṣiṣẹ́. Iyọ̀ púpọ̀ léwu fún ọmọ. Ṣíbíkan ṣíbíkan ni kí ẹ máa fún un. Bó bá bì, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún rọra bẹ̀rẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ dà á nù. Ọmú kò gbọ́dọ̀ dúró. Ẹ béèrè oògùn síńkì pẹ̀lú, ọjọ́ 10 sí 14 ni wọ́n ń lò ó.

Bí ojú ẹ̀ bá jìn, bí kò bá lè mu, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, bó bá sùn tí kò fẹ́ jí, ẹ má dúró po nǹkan kan. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ.

Ọmọ Èkìtì · Ọjọ́rú, alẹ́

Mo ti da èyí kọ sára ògiri ilé ìdáná wa. Ẹ ṣé, nọ́ọ̀sì.

Aláàkàrà Ṣágámù · Ọjọ́bọ̀, àárọ̀

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti sísè, torí àkàrà àti ẹ̀kọ ni mò ń tà.

Ẹ̀kọ mímu: bu ògì bí ìwọ̀n ẹyin 2 sínú abọ́, fi omi tútù díẹ̀ pò ó kó ṣàn, kò gbọdọ̀ sí kókó kankan. Omi ẹ kò gbọdọ̀ pọ̀ níbí, ẹ rántí ohun tí Olùkọ́ sọ. Kí omi inú kẹ́tù hó títí ìdérí á fi máa mì. Mú un lórí iná gan-an, máa fi ọwọ́ kan dà á, máa fi ọwọ́ kejì rò ó, má dúró. Lójijì, funfun ẹ̀ á yí padà, á máa dán, ọwọ́ rẹ á wúwo lórí ṣíbí. Dúró níbẹ̀. Bí o bá ṣì ń da omi lẹ́yìn ìyẹn, á tún ṣàn. Ti ọmọ ọwọ́, gbé e padà sórí iná kékeré fún bí ìṣẹ́jú 5, kó jinná dénú.

Ẹ̀kọ jíjẹ: inú omi tó ń hó lórí iná la ń da ògì sí, ọmọrogùn la ń fi rò ó, iná ẹ̀ kò sì gbọdọ̀ pọ̀. Ó máa ń tó ogún ìṣẹ́jú. Mo máa ń kán díẹ̀ sẹ́yìn ewé. Bó bá tutù tó ṣí kúrò láìlẹ̀ mọ́ ewé, ó ti tó pọ́n. Ewé eéran tàbí ewé gbòdògí ni. Ọ̀rá kò dáa o, mo bẹ yín. Oúnjẹ gbígbóná nínú ọ̀rá kò ní òórùn ewé, ọ̀rá náà kò sì yẹ fún ohun gbígbóná.

Ọmọ Kétu · Ọjọ́bọ̀, ọ̀sán

Ẹ kú iṣẹ́ o, láti orílẹ̀-èdè Benin níbí. Ẹ̀kọ jíjẹ yẹn làwọn aládùúgbò wa ń pè ní àkàsà, a kì í sì í ṣe aláìjẹ ẹ́ pẹ̀lú ẹja díndín àti ata lílọ̀. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e dé Brazil: ní Bàhíà, acaçá ni wọ́n ń pè é, àgbàdo funfun àti omi náà ni, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi ń pọ́n ọn, wọ́n sì ń gbé e síwájú Òòṣàálá. Ẹni tí kò bá rí ewé eéran, kó lo ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ rà á bàbà lórí iná títí á fi rọ̀ tí àwọ̀ ẹ̀ á sì dúdú sí i, kó má bàa ya lọ́wọ́ yín.

Ọmọ Ìbàdàn ní Houston · Ọjọ́bọ̀, alẹ́

Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà nínú fírísà ilé ìtajà àwọn ará Éṣíà níbí. Mi ò ronú kan án rí. Olúwa á bù kún yín.

Ìyá Tuntun · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, àárọ̀

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá mi, ẹ wá gbọ́.

Mo rẹ àgbàdo náà lálẹ́ Ajé. Mo pààrọ̀ omi láàárọ̀ Ìṣẹ́gun àti láàárọ̀ Ọjọ́rú. Lálẹ́ Ọjọ́rú mo mú ẹyọ kan, mo fi èékánná tẹ̀ ẹ́, ó fọ́, inú ẹ̀ funfun. Ní Ọjọ́bọ̀ mo lọ sílé ẹ̀rọ fúnra mi, mo sì ní kí wọ́n fi omi ṣan án lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀gá tó ń lọ̀ ọ́ wò mí títí, àmọ́ ó ṣe é. Ìyá ọkọ mi bá mi sẹ́ ẹ. Wọ́n fi ọwọ́ mi sábẹ́ asẹ́ kí n lè mọ ìgbà tí omi tó ń sọ̀kalẹ̀ ti ń fẹ́lẹ́. Mo tún rò pé ó ti tán, wọ́n ní ó kù, a sì tún rí ife kan gbáko nínú ohun tí èmi ì bá dà nù.

Láàárọ̀ òní ni mo sè é. Mo dúró ti kẹ́tù títí ìdérí fi ń mì. Mo ń dà á, mò ń rò ó, kò sí nǹkan kan, ọkàn mi ti ń bọ́ sílẹ̀, àfi bí ó ṣe kàn dán lẹ́ẹ̀kan náà tí ṣíbí wúwo lọ́wọ́ mi. Mo pariwo. Ọkọ mi sáré jáde nínú ilé ìwẹ̀. Mo gbé e padà sórí iná, mo fi ẹja gbígbẹ tí mo lọ̀ sí i. Ọmọ jẹ ṣíbí 4, ó fi ìyókù pa ojú.

Èèrí wà nílẹ̀ o, ó kún abọ́ kan. Kí ni mo lè fi ṣe?

Àgbẹ̀ Òkè Ògùn · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, àárọ̀

Sá a kó gbẹ, kí o fi fún adìẹ tàbí ewúrẹ́. Bí o kò bá sin nǹkan kan, bi àwọn aládùúgbò rẹ, wọ́n á wá gbé e. Má jẹ́ kó sùn mọ́jú ní tútù.

Ọlọ́gì Ọjà Ọba · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọ̀sán

Mo kà á, mo rẹ́rìn-ín, mo sì sunkún díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ra ọkà bàbà kóńgò 1, ká jọ ṣe tiẹ̀. Ó máa ń yá rọ̀ ju àgbàdo lọ, àwọ̀ ẹ̀ á sì pọ́n. Àtàárọ̀ ni kí o ti ṣa á, òkúta inú ẹ̀ kéré, ojú kì í tètè rí i.